Bí ẹ ṣe máa wo odò Ọ̀ṣun tẹ́ ẹ bá wá sí Òṣogbo

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dé ojúbọ, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà sílé, wọn ò sì ní mọ ibi tódò yẹn ti wá tàbí ibi tó ń lọ, ó máa ń dùn mí gan-an ni.

Torí náà ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà ẹ̀. Ìgèdè-Èkìtì ló ti sun, ó ṣàn wọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó gba Òṣogbo kọjá, odò Erinlẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀, ó dé Aṣéjirè níbi tí wọ́n ti sé e káwọn ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ, ìgbà yẹn ló wá forí lé ọ̀sà Lẹ́kí kó tó wọ òkun. Tó bá jẹ́ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ lẹ gbà wá, ẹ ti gba orí ẹ̀ kọjá.

Ní Òṣogbo, ẹ wọ ọ̀kadà tàbí kéké, ẹ ní Igbó Ọ̀ṣun lẹ̀ ń lọ. Ẹ má sáré lọ bá omi o. Igbó yẹn tó hẹ́kítà 75, UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, ẹ rọra wo àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, àti àwọn bíi Adébísí Àkànjí mọ, torí tí wọn ò bá gbèjà igbó yẹn ni, wọn ì bá ti gé igi ibẹ̀ tán. Oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Arugbá, ìyẹn ọmọbìnrin tó ń ru igbá Ọ̀ṣun, bá jáde, èrò lẹ máa rí, ẹ ò ní ráyè wo odò, ẹ wá lọ́jọ́ míì fún ìyẹn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má mu omi yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ ti bà á jẹ́, ó ti pọ́n bí amọ̀, ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ kìlọ̀ fún aráàlú pé kí wọ́n má mu ún. Ẹ má sọ pé ẹ máa sè é, iná ń pa kòkòrò lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò lè lé òjé àti mẹ́kúrì kúrò, bómi bá ṣe ń gbẹ ni òjé tó wà nínú ẹ̀ á máa ki sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá ọmọ gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ọmọ inú ni nǹkan wọ̀nyí tètè ń ṣe ní jàǹbá. Ẹ wúre létí odò, ẹ dúpẹ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún ìyá, kí omi tẹ́ ẹ máa mu jẹ́ èyí tẹ́ ẹ gbé wá látilé.

Ẹ má pẹja, ẹ má pa ẹran inú igbó, èèwọ̀ ni. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tẹ́ ẹ bá mu tán, inú báàgì yín ni kẹ́ ẹ fi sí.