Ìjọba gba ilẹ̀ yín l'Ábẹ́òkúta: ìnáwó wo lẹ máa rí gbà padà?

Ìbéèrè: Mílíọ̀nù 4 ni mo ra pulọ́ọ̀tì mi. Ṣé iye yẹn ni wọ́n máa san?

Ìdáhùn: Rárá o. Abala 29 nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 ni ẹ kà. Lórí ilẹ̀ lásán, owó ilẹ̀ ọdọọdún tí ẹ san lọ́dún tí wọ́n gbà á ni. Ẹni tí kò san kọ́bọ̀ ńkọ́? Ó mọ ìdáhùn.

Ìbéèrè: Wọn ò fún mi níwèé kankan pé wọ́n gba ilẹ̀ mi.

Ìdáhùn: Ẹ wo ara ògiri àti géètì. Òfin gbà kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síbi tó hàn.

Ìbéèrè: Ilé bàbá wa ti pẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń díye lé e?

Ìdáhùn: Iye tí wọ́n máa fi kọ́ irú rẹ̀ lónìí, kí wọ́n yọ ohun tí ogbó ti jẹ. Bí kíkọ́ rẹ̀ bá gba mílíọ̀nù 10, tí ogbó sì jẹ 3, ó ku 7. Bí owó bá pẹ́, èlé báǹkì wà lórí rẹ̀. Ẹ bèèrè èlé yẹn, torí kò sẹ́ni tó máa rán yín létí.

Ìbéèrè: Owó ìkẹ́rù àti ti lọ́yà ńkọ́?

Ìdáhùn: Abala 29 ò dárúkọ wọn.

Ìbéèrè: Àkúrọ̀ ni mo rà lẹ́bàá Odò Ògùn, lápá Láfẹnwá. Iyẹ̀pẹ̀ tí mo dà sí i ju owó ilẹ̀ lọ. Kí ló dé tí kò sí nínú owó tí wọ́n kọ fún mi?

Ìdáhùn: Ibí yìí ni owó púpọ̀ ń bọ́ sí. Ilẹ̀ gbígbẹ tí koríko bò ni ẹni tó wá ka nǹkan rí. Òfin gbà kí wọ́n san owó kíkún àkúrọ̀, àmọ́ ìwé ló ń béèrè, kì í ṣe ẹnu. Bébà tí awakọ̀ típà ya lára ìwé àjákọ, "yanrìn, tíríìpù 5", láìsí déètì, láìsí ibi tí wọ́n dà á sí, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orúkọ orí rìsíìtì àti ti orí ìwé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu: tìyàwó níbí, tọkọ lọ́hùn-ún, wàhálà nìyẹn.

Bí rìsíìtì bá ti sọnù, ẹ gba àkọsílẹ̀ báǹkì tó fi hàn pé ẹ sanwó fún oníyẹ̀pẹ̀. Kí òun náà kọ ìwé ẹ̀rí pẹ̀lú déètì òní. Bó bá kọ ti àtijọ́, ayédèrú ni. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ ihò méjì-mẹ́ta níṣojú òṣìṣẹ́ wọn. Iyẹ̀pẹ̀ pupa á wà lókè, ẹrẹ̀ dúdú àkúrọ̀ nísàlẹ̀: ẹ wọn èyí tó pupa, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú téèpù. Pulọ́ọ̀tì 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà tó gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà 3 ń gba kúbíìkì fíìtì 21,600. Bí rìsíìtì yín bá sọ ìlọ́po méjì rẹ̀, wọ́n á fura, wọn ò sì ní jẹ̀bi.

Ìbéèrè: Owó tí wọ́n kọ kéré jù. Ṣé kí n pẹjọ́?

Ìdáhùn: Abala 47 ní kọ́ọ̀tù ò gbọdọ̀ wo bóyá owó náà tó; abala 30 ló ní kí ẹ gbé aáwọ̀ iye owó lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀ràn ilẹ̀. Bó bá jẹ́ pé gbígbà ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni kò bófin mu, ẹ wá lọ́yà. Kí ẹ tó lọ sí Òkè-Mọsàn, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn wà, ẹ ti gba adíyelé tí ESVARBON, àjọ tó ń forúkọ àwọn adíyelé ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, fún níwèé àṣẹ, kì í ṣe ajẹ́ńtì ilé. Ẹ pè é kí wọ́n tó wó ilé, torí kò sẹ́ni tó lè díye lé àwókù.