Bí ẹ ṣe máa tọ́ Pils àwọn ará Jámánì wò kẹ́ ẹ sì mọ èyí tó dáa

Pils ni bíà aláwọ̀ góòlù tó mọ́ gaara tó sì máa ń korò díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò nínú fìrísà ná. Mo mọ̀ pé èyí tí ìgò ẹ̀ ń làágùn ló wu gbogbo wa, àmọ́ tó bá ti tutù jù ahọ́n á kú, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa mọ̀ níbẹ̀. 6 sí 8 dígírì ló dáa fún Pils.

Gíláàsì tó ga tí ẹnu ẹ̀ ò fẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ ṣàn án dáadáa torí ọ̀rá àti ọṣẹ ló ń pa fóòmù. Ẹ dà á, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀, ẹ tún dà á. Àwọn kan ní Jámánì máa ń sọ pé ìṣẹ́jú méje ni wọ́n fi ń dà á, èmi ò gbà o, gáàsì á ti lọ.

Ẹ wá wò ó. Ó gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, tẹ́ ẹ bá fi ìka sẹ́yìn gíláàsì kẹ́ ẹ rí i.

Ẹ gbóòórùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó mu. Hops, ìyẹn òdòdó tí wọ́n fi ń mú kí bíà korò kó sì ta sánsán, bíi ti Hallertau ní gúúsù Jámánì, máa ń ta sánsán bí òdòdó àti ewé tútù, búrẹ́dì á wà lábẹ́ ẹ̀. Tó bá ń rùn bí asín, ìmọ́lẹ̀ iná tàbí oòrùn ló bà á jẹ́, ìgò gíríìnì ló sì máa ń ṣe jù. Mo ra irú ẹ̀ rí, ojú wíńdò ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n tò ó sí, mo dà á nù ni. Tó bá ń rùn bí omi àgbàdo sísè, àwọn tó pọn ọ́n ló ṣe é tì, tó bá dà bíi páálí tó tutù, ó ti pẹ́ jù nìyẹn.

Ó kan ẹnu. Ẹ gba ẹkún ẹnu, ẹ má kàn fi ètè kàn án. Ṣé ẹ mọ ewúro, tó ń korò kó tó dùn? Pils yí i padà, adùn ọkà báálì á kọ́kọ́ yọjú díẹ̀ kí kíkorò tó dé, kó pẹ́ lẹ́nu, àmọ́ kó má họ ọ̀fun bí àgbo. Èyí tí Josef Groll, ará Jámánì tó ń pọn bíà, pọn nílùú Plzeň tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech báyìí, lọ́dún 1842 tí gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, adùn tiẹ̀ ṣì kún ẹnu, ti Jámánì ló gbẹ jù, ìyẹn ni pé adùn ẹ̀ ò pọ̀, kíkorò ẹ̀ sì máa ń pẹ́ lẹ́nu, pàápàá tẹ́ ẹ bá rí Jever, bíà kan tó wá láti apá àríwá Jámánì.

Tó bá ṣeé ṣe, kí ẹlòmíì da oríṣi méjì fún yín níkọ̀kọ̀, torí orúkọ ara ìgò máa ń tan ahọ́n jẹ. Ẹni tó máa wakọ̀ ló yẹ kó bá yín dà á.