Bí A Ṣe Ń Béèrè Nípa Ìbọn Kí Ọmọ Tó Lọ Ṣeré Nílé Onílé

Ní Abẹ́òkúta, ọmọ kì í fi gbogbo ọjọ́ jókòó sílé òbí rẹ̀. Tí ilé-ìwé bá ti wọ ìsinmi, ọmọ Ìtòkò á wà ní Àdátán, ọmọ Aṣerò á wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìjẹmọ̀. Kí ọmọ tó lọ, òbí máa ń béèrè bóyá wọ́n ń sin ajá níbẹ̀, bóyá kànga wọn ní ìdérí. Ìbọn ni a kì í béèrè. Bẹ́ẹ̀ ìlú ọdẹ ni ìlú wa: ṣakabùlà wà lára ògiri bàbá àgbà, àgbẹ̀ ní tirẹ̀ nítorí ọ̀yà tó ń jẹ ẹ̀gẹ́, àwọn fijilanté ń gbé tiwọn wálé láàárọ̀, ọlọ́pàá àti sójà pẹ̀lú ń sùn nílé bíi ti gbogbo èèyàn, kì í ṣe bárékè Alámala nìkan ni wọ́n ń gbé.

Ṣakabùlà ló yẹ kí òbí mọ̀ dáadáa, torí òun ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki í. Ọdẹ á da ẹ̀tù sí i, á fi àkísà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á da ọta lé e, á tún fi àkísà dí i, á wá fi ọ̀pá gún un títí á fi le. Kápù kékeré ló ń fi sí ìdí rẹ̀ gbẹ̀yìn, òun ni òòlù ìbọn máa gbá tí iná á fi ràn mọ́ ẹ̀tù. Ohun tí wọ́n ti gún wọlé báyìí kò ṣeé dà jáde. Àfi kí wọ́n yìn ín, tàbí kí wọ́n fi irin tó ní orí lílọ́ fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ọdẹ tó sọdẹ mọ́jú tí kò rí ẹran pa, tó sì mọ̀ pé òun ń padà lọ lálẹ́, kì í fẹ́ fi ẹ̀tù ṣòfò. Á yọ kápù, á gbé ìbọn kọ́ ògiri. Ẹ̀tù àti ọta ṣì wà nínú rẹ̀. Kápù tó yọ, inú àpò ọdẹ tó so mọ́ ìṣó kan náà ló wà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ti ń wo bàbá rẹ̀ láti kékeré mọ ibi tí kápù ń jókòó sí.

Ojú lásán kò lè mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú ṣakabùlà. Ẹni tó ni ín nìkan ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò, ibi tí kò séèyàn ni yóò sì ti ṣe é. Á yọ kápù, á kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, á yẹ ojú àti àyà rẹ̀ kúrò níwájú ẹnu náà, á rọra ti ọ̀pá bọ inú rẹ̀ títí tí kò fi lọ mọ́. Á fi ìka di ọ̀pá náà mú níbi tó ti bá ẹnu ìbọn dọ́gba, á fà á yọ, á wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn látìta. Tí orí ọ̀pá bá dé ọ̀gangan ibi tí kápù ń jókòó sí, òfo ni. Tó bá ku bí ìka mẹ́ta kó débẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má dán èyí wò lórí ìbọn ẹlòmíì. A kọ ọ́ síbí kí ẹ lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó yẹ ìbọn rẹ̀ wò àti ẹni tó kàn sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ẹ̀tù fúnra rẹ̀ léwu láìsí ìbọn rárá. Ẹ̀ta-iná kan ti tó o. Tí oṣù Disẹ́ńbà bá dé tí owó báńgà kò sí lọ́wọ́ wọn, àwọn ọmọ a máa bu ẹ̀tù nínú agolo bàbá, wọ́n á ṣáná sí i. Ojú àti ọwọ́ ló máa ń bá a lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá béèrè ìbọn tí ẹ kò béèrè ẹ̀tù, ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ sọ.

Ìbọn tó ń lo ọta alápò (kátíríìjì, tí ẹ̀tù àti ọta jọ wà nínú àpò kan), ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, rọrùn jù ú lọ: ẹni tó ni ín á ṣẹ́ ẹ sí méjì, á yọ ọta, á fi ojú wo inú ihò, á tún ti ìka bọ̀ ọ́. Ti ọlọ́pàá àti sójà ní àṣìṣe tirẹ̀. Èèyàn á yọ àpótí ọta kúrò lábẹ́ rẹ̀, á rò pé ó ti parí, ọta kan sì lè ti wà nínú ihò ìbọn tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ló ń dún. Àpótí ló ń kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa irin sẹ́yìn kí ọta inú ihò jáde, wọ́n á sì fojú wò ó.

Ọ̀rọ̀ bíbéèrè ló wá kù, òun ló sì ń ni òbí lára. Ẹ̀rù méjì ló wà ńbẹ̀: kí àgbà má sọ pé ẹ rí òun fín, kí onílé má sì rò pé ẹ ń ṣe amí fún olè. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ lọ fúnra yín, tàbí kí ẹ pè é lórí fóònù. Ẹ má béèrè nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí, torí kò yẹ kí gbogbo àdúgbò mọ ilé tí ìbọn wà. Ọmọ tiyín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Fún ìyá ẹgbẹ́ yín: «Mọ̀mí Tòbí, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. Ọwọ́ ọmọ tèmi yìí kì í gbélẹ̀, kò sí ibi tí kì í tú. Ṣé ìbọn tàbí ẹ̀tù wà nílé tí ọwọ́ ẹ̀ lè tó?» Fún àgbà ọdẹ, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ẹ tó ní: «Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, àrìnpa ọdẹ o. Ẹ má bínú, ọmọ yín fẹ́ wá ṣeré lọ́dọ̀ yín. Mo ní kí n bi yín níbi tí irinṣẹ́ yín ń wà, kí n lè mọ bí màá ṣe kìlọ̀ fún un.» Ọ̀pọ̀ ọdẹ á dáhùn tayọ̀tayọ̀, torí àwọn gan-an mọ ohun tí ìbọn lè ṣe.

Tó bá ti ní ó wà, nǹkan mẹ́ta ló kù láti mọ̀: ṣé òfo ni, ṣé wọ́n tì í pa, ṣé ibòmíì tí wọ́n tì pa ni ọta, ẹ̀tù àti kápù wà? Ẹ tún bi wọ́n bóyá àlejò tó ń gbé ìbọn máa ń sùn níbẹ̀.

Àwọn ìdáhùn kan wà tí kò tó. «Òkè àjà ló wà, ọwọ́ wọn ò lè tó o.» Ọmọ tó ń gun igi máńgòrò á gun àga. «Orí wọ́dúróòbù ni», «abẹ́ ibùsùn ni»: ibi tí àwọn ọmọ ń sá pamọ́ sí nìyẹn. «Wọ́n mọ̀ pé èèwọ̀ ni, wọn ò jẹ́ fọwọ́ kàn án.» Lórí èyí, àyẹ̀wò kan wà tí àwọn oníṣègùn ọmọdé gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001. Wọ́n fi ọmọkùnrin 64, ọmọ ọdún 8 sí 12, sínú yàrá kan ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí; wọ́n ti fi ìbọn ìléwọ́ gidi tí kò ní ọta pamọ́ sínú dúróò kan níbẹ̀. Ọmọ 48 rí i, 16 nínú wọn fà á bí ẹni fẹ́ yìn ín. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó rí i ló rò pé ohun ìṣeré ni, tàbí tí kò dá lójú. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó gbé e ni wọ́n sì ti kọ́ nípa ewu ìbọn rí. Ẹ kọ́ ọmọ yín o: kó má fọwọ́ kàn án, kó kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sọ fún àgbà, ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní nà án torí pé ó wá sọ. Ṣùgbọ́n àgbà tó tì í pa ni ààbò.

Tí ìdáhùn bá rú yín lójú, ẹ ní kí àwọn ọmọ wá ṣeré lọ́dọ̀ yín, ẹ se ìrẹsì, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìbọn ìléwọ́ ló wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe agbófinró, kí ọmọ má dé ibẹ̀ rárá. Òfin ìbọn ti 1959 kà á mọ́ àwọn tí ará ìlú kò lè ní láìgba ìwé àṣẹ Ààrẹ. Ṣakabùlà pàápàá, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń ní in.

Tó bá jẹ́ ilé tiyín ni ìbọn wà, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi páànù irin tó nípọn ṣe àpótí kan. Ẹ wọn ìbọn láti ìdí dé ẹnu, kí ẹ fi ìka mẹ́rin kún un. Inú ni kí ìdè ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà, torí èyí tó wà níta ṣeé yọ. Ẹ fi bóòtì mẹ́rin kàn án mọ́ ògiri bíríkì, kì í ṣe ògiri pákó. Ọta àti kápù á ní àpótí kékeré tiwọn pẹ̀lú àgádágodo mìíràn. Ẹ̀tù á wà nínú ike tó dé pinpin, nínú yàrá tí wọ́n ń tì, tó jìnnà sí ilé ìdáná àti jẹnẹrétọ̀. Ara ẹni tó ni ìbọn ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé, kì í ṣe abẹ́ ìrọ̀rí. Tí owó àpótí kò bá tíì sí, ẹ fi ṣéènì gba inú irin róbótó tó yí ibi tí ìka ń fà ká, kí ẹ fi àgádágodo tì í mọ́ irin fèrèsé. Ìbọn òfo nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, torí ṣéènì lè fa ohun tí ìka ń fà.

Níbi ìsìnkú ọdẹ àti ọdún Lísàbí, ẹ̀yìn àwọn tó ń yìnbọn ni kí ọmọ wà, kó jìnnà dáadáa. Ìbọn tó kọ̀ tí kò dún ṣì lè dún: ẹni tó mú un á kọ ẹnu rẹ̀ sókè síbi tí kò séèyàn fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán kó tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ìbọn bá ba ọmọ, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà pinpin, ẹ má ṣí i wò lemọ́lemọ́, ẹ má da ògógóró tàbí epo sí i, ẹ má yọ ọta. Ibi tí ẹ̀tù bá jó, omi tútù ló ń gbà fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ pe 112, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn FMC ní Ìdí-Àbá tàbí Sacred Heart ní Láńtòrò, èyí tó bá sún mọ́ yín. Ẹ má kọ́kọ́ yà sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ gba ìwé. Òfin ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ti 2017, sọ pé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ gbà á, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, owó ìṣáájú wà o, kò sí o. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí.