Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ tí àwọn èèyàn wa máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ lọ sí Politecnico di Milano

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kàwé ní Politecnico di Milano, yunifásítì tó wà ní ìlú Milan lórílẹ̀-èdè Ítálì, ẹ gbọ́ o. Iléèwé yẹn kì í ṣe kékeré, láti 1863 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ibẹ̀ ni Renzo Piano ti kọ́ṣẹ́ yíya ilé, ibẹ̀ náà ni Giulio Natta ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tó gba Nobel kẹ́mísìrì ní 1963. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé kíkà ló ń kọ́kọ́ dá àwọn èèyàn wa lágara níbẹ̀, bébà àti déètì ni.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Milan tàn yín jẹ. Kámpọ́ọ̀sì méjì ló wà nínú Milan fúnra ẹ̀: Leonardo, tó sún mọ́ ibùdókọ̀ Piola lórí ọ̀nà métírò aláwọ̀ ewé, àti Bovisa lápá ibòmíì nínú ìlú, níbi tí àwọn ará design àti mechanical wà. Lecco tún wà, Cremona, Mantova àti Piacenza tí kò tiẹ̀ sí ní Lombardy, agbègbè tí Milan wà, rárá. Ẹlòmíì á gba admission, á sáré sanwó yàrá nítòsí Piola, ìgbà tó yá ló máa rí i pé Piacenza ni kíláàsì òun, ó di kó máa lé reluwé kiri ní ìdájí. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ sínú ìwé yín kẹ́ ẹ tó sanwó ilé, ẹ má sì sanwó fún ẹni tẹ́ ẹ rí lórí WhatsApp nìkan.

Ẹ má sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ gbogbo ẹ̀. Masters, bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. First degree, èdè Ítálì ló pọ̀.

Ẹ̀yin ará architecture àti design, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Portfolio. Ohun tá a máa ń rí ni ojú ewé rẹpẹtẹ, gbogbo ẹ̀ rẹ́ńdà, àwòrán ilé tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe, tó ń dán gbinrin, dúpúlẹ́ẹ̀sì Lẹ́kí tó ní Benz níwájú, ọ̀pẹ méjì, sánmọ̀ búlúù, kò sí pílánù, kò sí section (àwòrán tó fi inú ilé hàn bíi pé wọ́n gé e sí méjì), ẹ ò sì sọ èwo ni tiyín nínú iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá àwọn míì ṣe. Ẹni tó ń wò ó ò fẹ́ ra ilé o. Ó fẹ́ mọ bẹ́ ẹ ṣe ń ronú: kí ló dé tí fèrèsé fi kọjú síbí, ibo ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, kí lẹ yí padà lẹ́yìn àwòrán àkọ́kọ́. Iṣẹ́ mẹ́ta tó dúró dáadáa, tẹ́ ẹ fọwọ́ ya sketch ẹ̀ síbẹ̀, sàn ju mẹ́wàá tí kọ̀ǹpútà dá ṣe lọ.

Owó wá ńkọ́? Iye tó ń wọlé fún ìdílé yín ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó bu owó iléèwé lé yín, ẹni tí kò bá ṣe ISEE parificato, ìwé tí wọ́n fi ń ṣírò owó àti dúkìá ìdílé tó wà lókè òkun, èyí tó ga jù ni wọ́n á gbé kọ́ ọ lọ́rùn, nǹkan bíi 3,900 yúrò lọ́dún. Scholarship DSU, owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tówó ìdílé ẹ̀ ò pọ̀, tún yàtọ̀, admission kì í gbé e wá, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín bèèrè ẹ̀ kí déètì tó kọjá. Ìwé owó tó ń wọlé fún bàbá àti ìyá, ìwé ilé, ìwé bánkì, ẹ kó wọn jọ látilé, torí wọ́n á ní kẹ́ ẹ tú u sí èdè Ítálì kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i, ẹ̀yin á wá máa pe màámi láti Milan pé kí wọ́n sáré lọ sí ọ́fíìsì lọ́la, àwọn tí wọ́n wà lẹ́nu ọjà!

Tẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ lọ ya fọ́tò níwájú Duomo, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àárín ìlú Milan. Ọjọ́ iṣẹ́ 8 péré lẹ ní láti bèèrè permesso di soggiorno, káàdì ìyọ̀ǹda láti gbé ní Ítálì. Ẹ lọ sí pósì ọ́fíìsì, ẹ gba kit, àpòòwé ńlá tó ní ilà yẹ́lò lára, ẹ kọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ẹ ra marca da bollo (sítáǹbù ìjọba) 16 yúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta sìgá, kẹ́ ẹ wá gbé gbogbo ẹ̀ padà sí kàǹtà. Rìsíìtì tí wọ́n bá já fún yín, ẹ má jù ú nù o, òun lẹ máa fi rìn títí káàdì á fi jáde, ó sì lè pẹ́.

Ó ku máàkì. Orí 30 ni wọ́n ti ń gba máàkì, 18 lèèyàn fi ń yege, wọ́n sì máa ń gbà yín láyè kẹ́ ẹ sọ pé ẹ ò gba máàkì tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, kẹ́ ẹ tún ìdánwò ṣe. Ibẹ̀ gan-an làwọn olórí pípé wa ti ń kọsẹ̀, wọ́n gba 24, wọ́n ní àwọn ò gbà, first class làwọn láti ilé, wọ́n tún un ṣe, wọ́n gba 20. Bẹ́ẹ̀ ìdánwò tẹ́ ẹ bá gba máàkì ẹ̀ nìkan ló ń fún yín ní kírẹ́díìtì, ìyẹn pọ́ńtì ẹ̀kọ́, DSU sì rèé, kírẹ́díìtì tẹ́ ẹ bá ní títí di 10 Ògọ́ọ̀sì ló ń kà. Kírẹ́díìtì yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ ò gba 24.