Bí a ṣe ń jí rédíò onífáàfù àtijọ́ láìjẹ́ kó jóná

Bí rédíò onífáàfù bá ti wà nínú yàrá ẹ̀yìn fún ogún ọdún, kì í ṣe eruku ló máa pa á, kì í ṣe ikán. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ti púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Mo mọ̀, torí èmi náà ti pa ọ̀kan. Ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ó wà ní pálọ̀ wọn ní Ìkìjà, l'Abẹ́òkúta níbí, pákó rẹ̀ ń dán, wọ́n fi aṣọ kóróṣè funfun bò ó lórí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n máa gbé e lọ, mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó sinmi. Mo nu eruku ara rẹ̀, mo fi í sí iná ọba. Gílóòbù iwájú tàn, inú mi dùn. Kò pẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin, òórùn ọ̀dà tó ń jó gba gbogbo yàrá, èéfín sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Tiransifọ́mà inú rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò bá mi wí. Wọ́n kàn wo ojú mi, wọ́n ní, "O ò lè bi mí kí o tó tàn án?"

Fáàfù ni àwọn ìgò kéékèèké tó máa ń pọ́n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú rédíò, kí tiransísítọ̀ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ má ṣì í mú fún àpótí Rediffusion tí wọ́n máa ń fi wáyà fà wọ ilé, irú iṣẹ́ tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1935. Sípíkà lásán ló wà nínú ìyẹn. Òun gan-an ni orúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì bá mu jù: ohun tí wọ́n bá sọ ni ẹ ó gbọ́, ẹ ò lè yí i síbòmíràn.

Ẹ kọ́kọ́ tú ẹ̀yìn rẹ̀

Ẹ gbé rédíò náà sórí tábìlì níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ jìnnà sí iná. Ẹ tú ìdérí ẹ̀yìn. Nílùú wa níbí, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bá ni ẹyin ọmọńlé, méjì méjì, funfun bí ẹfun, tó lẹ̀ mọ́ igun pákó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbẹ́ aáyán àti eruku ọyẹ́ ọdún gbọọrọ. Ẹ wo wáyà dáadáa, bóyá eku ti gé e jẹ. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tó rọ̀ ni kí ẹ fi gbọn gbogbo rẹ̀, omi ò gbọdọ̀ débẹ̀.

Dígí iwájú tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí nílò ìkìlọ̀ tirẹ̀. Ọ̀dà fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi tẹ lẹ́tà wọ̀nyẹn sí ẹ̀yìn dígí. Mo fi òwú tutù fà á lẹ́ẹ̀kan báyìí, níbi tí wọ́n kọ Hilversum sí. "Hilver" ló kù, "sum" ti bá òwú lọ. Ẹ nu iwájú dígí bó ṣe wù yín, ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ pẹ̀lú eruku rẹ̀.

Kí ẹ tó yọ fáàfù kankan, ẹ fi fóònù ya fọ́tò, kí ẹ lè mọ ibi tí oníkálukú ti wá. Ẹ fà á sókè tààrà, ẹ máa mì ín díẹ̀díẹ̀, ẹ má yí i bí ẹni tó ń ṣí ìdérí ìgò. Lókè orí ìgò náà, inú rẹ̀ máa ń dán bíi jígí. Bí ibẹ̀ bá ti funfun bíi wàrà, atẹ́gùn ti wọlé, fáàfù yẹn ti kú.

Bí ẹ ti ń yọ wọ́n, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára. Bí púpọ̀ nínú wọn bá fi E bẹ̀rẹ̀, bíi ECH81, EABC80, EL84, tiransifọ́mà ló sábà máa ń wà láàárín yín àti iná ọba. Bó bá jẹ́ U, bíi UCH81, UL84, UY85, ó ṣeé ṣe kí àwo irin tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ lé lórí so mọ́ iná ọba tààrà. Èèyàn lè fọwọ́ kan ìdè kékeré tó wà lára nọ́ọ̀bù kí iná gbé e. Irú èyí kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ rádíónìkì àgbà, èyí tó ti fọwọ́ kan fáàfù rí.

Ẹ pààrọ̀ wáyà iná bí rọ́bà ara rẹ̀ bá ti ń já bí búrẹ́dì gbígbẹ. Ẹ tún wo ibi ìyíwọ́ fóòtì lẹ́yìn, níbi tí wọ́n kọ 110, 127, 220, 245 tàbí ohun tó jọ ọ́ sí. Orí èyí tó ga jù ni mo máa ń fi sí. Lóòótọ́, iná ọba wa kì í sábà lágbára nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n mo ti fi mítà wọn 250 rí lóru nígbà tí gbogbo àdúgbò ti pa iná sùn. Fóòtì tó kéré, rédíò á kàn máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Èyí tó pọ̀ jù ló ń jó nǹkan.

Kapasítọ̀ tó ń pa rédíò

Bí ẹ ò bá ní ṣe ju iṣẹ́ kan lọ, èyí ni kí ẹ ṣe. Láàárín fáàfù EABC80 àti EL84, èyí tó ń fún sípíkà lágbára, kapasítọ̀ kékeré kan wà, tí wọ́n fi bébà àti ìda ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bíi ti asẹ́ ògì: ó ń jẹ́ kí ohùn kọjá, ó ń dá fóòtì ńlá dúró. Òjò ọdún pípẹ́ ti wọ inú bébà yẹn, asẹ́ ti ya. Fóòtì á wá máa jò sórí EL84, EL84 á máa fa iná láìsí ìjánu, títí irin inú rẹ̀ á fi pọ́n bí ẹyín iná, á sì wọ́ tiransifọ́mà lọ́wọ́ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìyẹn.

Láti rí i, ẹ yí rédíò padà kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ìjókòó EL84. Ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ló ní, àlàfo kan sì wà láàárín wọn. Láti ibi àlàfo yẹn, ẹ kà á bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Kapasítọ̀ tó wá láti EABC80 sí ẹsẹ̀ kejì ni. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi tuntun oníke sí i, tí iye rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, kó lè gba 630 fóòtì. Wọ́n wà ní Alábà, owó wọn ò sì tó nǹkan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù tí wọ́n fi bébà àti ìda ṣe, ẹ máa pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní mọ ilé ẹni kankan mọ́.

Kapasítọ̀ gbọọrọ tó ń tẹ́ iná, bó bá ti wú tàbí tó ti jò, ẹ fi 47 µF (máíkírófárádì, ìwọ̀n kapasítọ̀) tó lè gba 450 fóòtì rọ́pò rẹ̀. Ẹ má rò pé èyí tó tóbi jù ló dáa jù o. EZ80, fáàfù tó ń yí iná ọba padà sí irú èyí tí rédíò ń lò, kò fẹ́ ju 50 µF lọ níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ ó tàn án

Ẹ gé ẹyọ wáyà kan nínú ẹsíténṣọ̀n, kí ẹ fi ìdí gílóòbù sí àárín ibi tí ẹ gé. Gílóòbù àtijọ́ 60 wáàtì tó máa ń gbóná ni kí ẹ fi sí i, LED ò ní ṣiṣẹ́ yìí. Ẹ wá ti púlọ́ọ̀gì rédíò bọ ẹsíténṣọ̀n náà. Bí gílóòbù bá tàn yòò tó sì dúró bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ti so pọ̀ nínú rédíò. Ẹ pa á. Bó bá tàn díẹ̀ tó wá rẹlẹ̀, ó dáa. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ gílóòbù kúrò nínú ètò, kí ẹ fi rédíò sí iná tààrà. Ó tó ìdajì ìṣẹ́jú kó tó sọ̀rọ̀, ẹ ní sùúrù. Ẹ fi mítà wo ẹsẹ̀ kejì EL84, òdo ló yẹ kó jẹ́. Ẹsẹ̀ kẹta máa ń wà ní nǹkan bíi 7 fóòtì. Bí ẹsẹ̀ kejì bá ní fóòtì tó ń lọ sókè, ẹ padà sídìí asẹ́ yẹn.

Ẹ fetí sílẹ̀ síbí o. Nǹkan bí 250 fóòtì ló ń rìn lábẹ́ àwo irin yẹn, ó sì máa ń dúró sínú kapasítọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná. Nígbà tí mo bá ń wọn nǹkan, inú àpò ṣòkòtò ni ọwọ́ òsì mi máa ń wà, kí iná má baà gba àyà mi kọjá. Kí n tó fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀, màá fa púlọ́ọ̀gì yọ, màá fi rẹsísítọ̀ ńlá tú iná inú kapasítọ̀ sára àwo irin, màá tún fi mítà wò ó bóyá ó ti lọ. Kí ọmọdé má sí nítòsí.

Ẹ́ríà, ẹ́ẹ̀tì, àti ọ̀rọ̀ àpáta

Wáyà onírọ́bà tó gùn tó mítà 10 sí 15 ti tó fún ẹ́ríà, ìyẹn wáyà tó ń gba ohùn láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ fà á láti ojú fèrèsé lọ sórí igi máńgòrò, kó má kan páànù, kó má sì sún mọ́ wáyà òpó iná rárá.

Ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó so rédíò mọ́ ilẹ̀, ló le nílùú yìí. Lágbègbè Olúmọ, irin tí ẹ bá ń gbá wọlẹ̀ á kàn dún "gán" lórí àpáta, ẹsẹ̀ kan ò tíì wọlẹ̀. Ibi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí lẹ́yìnkùlé ni mo gbá tèmi sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ, kódà nígbà ọyẹ́. Rédíò oníléta U ni ẹ ò gbọdọ̀ so ẹ́ẹ̀tì mọ́ àwo irin rẹ̀.

Bí FM bá wà lára rẹ̀, ẹ la wáyà méjì tó jùmọ̀ rìn sí apá méjì bíi lẹ́tà T, kí apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75. Púpọ̀ nínú rédíò Yúróòpù ọdún 1950 sí 1960, orí 100 ni FM wọn parí sí. OGBC 2 lórí 90.5 á wọlé, Paramount lórí 94.5 á wọlé. Rockcity 101.9 àti Sweet 107.1 ti kọjá ibi tí abẹ́rẹ́ lè dé. Rédíò ò bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni má gba owó àtúnṣe lọ́wọ́ yín.

Ariwo ṣááṣáá lórí medium wave àti short wave, inú ilé ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá a. Ṣájà fóònù, gílóòbù LED àti ẹ̀rọ sólà ló sábà máa ń fà á. Ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò ni afẹ́fẹ́ máa ń dákẹ́ jù. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ ò sì ní rí iná tan rédíò, àfi tí ẹ bá ní ínfátà gidi, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere. Àwọn olówó pọ́ọ́kú máa ń mú kí tiransifọ́mà kùn kó sì gbóná.

Títọ́jú rẹ̀

Ẹ ká aṣọ kóróṣè kúrò lórí rẹ̀, ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin ìyá wa. Ooru fáàfù ní láti ríbi jáde, torí náà kí ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà sí ògiri díẹ̀. Nígbà òjò, ẹ tàn án fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, ooru rẹ̀ ló máa gbẹ ọ̀rinrin inú rẹ̀. Ẹ fi káńfọ̀ sí ẹsẹ̀ àpótí nítorí ikán. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó yẹ kí ọwọ́ lè sinmi lórí tiransifọ́mà nígbà tí ẹ bá ti fa púlọ́ọ̀gì yọ. Bí kò bá ṣeé fọwọ́ lé, ẹ pa á tì kí ẹ wádìí. Bí òjò bá ṣú láti ọ̀nà Láfẹ́nwá, ẹ yọ ẹ́ríà kí mànàmáná tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì.

Ohun tí ẹ bá pààrọ̀, ẹ kọ ọ́ sórí bébà pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ṣe é, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí ẹ̀yìn. Nínú èyí tí mo ń lò báyìí, mo bá irú bébà bẹ́ẹ̀ tí rádíónìkì kan ti lẹ̀ síbẹ̀ ṣáájú mi. Bírò rẹ̀ ti ń ṣá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ṣì ṣeé kà: "Wọ́n ṣì jẹ mí ní àádọ́ta kọ́bọ̀."