Ibà Tí Kò Lọ: Bí A Ṣe Ń Fi Àyẹ̀wò Láàbù Wá Ìdí Rẹ̀

Ní Ìbàdàn wa níbí, bí ara èèyàn bá ti ń gbóná, "ibà àti táífọ́ọ̀dù" ló máa ń bọ́ sí wa lẹ́nu. Ẹni tó ń ta oògùn á po hóró oríṣiríṣi pọ̀, aláìsàn á gbé e mì. Ìgbà tí kò bá lọ ni wọ́n á tó rántí láàbù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò máa ṣáájú oògùn.

Ẹ kọ́kọ́ fi tẹmómítà wọn ara. Bó bá tó 38°C, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹ kọ gbogbo oògùn tí ẹ ti lò, títí kan àgbo, àti ìlú tí ẹ ti dé láìpẹ́. Ẹni tó bá ti Oǹdó tàbí Ẹdó dé, tàbí tí eku ń wọ oúnjẹ rẹ̀, kó tètè sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́, torí ibà Lassa, tí eku máa ń kó ràn èèyàn, máa ń ran àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn. Kì í ṣe gbogbo láàbù ló lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ rí dókítà, ì báà jẹ́ ní ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ tàbí UCH, kó kọ àyẹ̀wò tó yẹ sí fọ́ọ̀mù.

Ibà ẹ̀fọn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wá. Àyẹ̀wò kíákíá tó ń fa ìlà pupa dára, àmọ́ ìlà náà ṣì lè yọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ibà ti lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn ibà, kó ní kí wọ́n fi maikirosikóòpù wò ó. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, á gbẹ, wọ́n á da aró Giemsa lé e, kòkòrò á wá hàn láàárín àwọ̀ àlùkò. Bí wọn ò bá rí i, ẹ padà lọ lẹ́yìn wákàtí 12 sí 24.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ di mú ni blood culture, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò láti wò bóyá kòkòrò á hù níbẹ̀. Wọ́n á fi oògùn nu apá, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ. Ẹni tó bá tún fọwọ́ kan ibẹ̀ ti bà á jẹ́. Fún àgbàlagbà, ìgò kan ń gba ẹ̀jẹ̀ tó mílílítà 8 sí 10, ó sì dára kí wọ́n fà á níbi méjì: kòkòrò tó bá hù níbi kan ṣoṣo lè jẹ́ ti ojú awọ ara lásán. Ìgò náà lè lo tó ọjọ́ 5 nínú ẹ̀rọ tó ń móoru. Oògùn apakòkòrò tí ẹ bá ti lò ṣáájú lè máà jẹ́ kí ohunkóhun hù. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ń ṣèrànrán, tó ń gìrì, tí ọrùn rẹ̀ le tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀. Wọn ò ní dúró de èsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sábà fi ń wá táífọ́ọ̀dù, bí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tó láti fi sọ pé táífọ́ọ̀dù ni. Àmì àrùn àtijọ́ tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára lè hàn níbẹ̀.

Bó bá kan ìtọ̀, ẹ da ti ìbẹ̀rẹ̀ nù, ẹ gba ti àárín sínú ike. Ikọ́ tó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ ṣe ti HIV náà.

Èsì culture á sọ orúkọ kòkòrò náà àti oògùn tó ń pa á. Ẹ mú ìwé náà padà sọ́dọ̀ dókítà, kó fi yan oògùn tó bá a mu.