Igbó kọ́ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo òyìnbó tó ń fi igi méjì dáná lórí YouTube, tẹ́ ẹ wá fẹ́ gbé báàgì kọ́rùn lọ sórí òkè kan ní Bwari, l'Abuja, ní Sátidé láti lọ kọ́ béèyàn ṣe ń là á já nínú igbó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní sùúrù ná. Èmi náà ti ṣe é rí. Ọdún tí mo kó dé Kubwa, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta gun òkè kan lẹ́yìn Ushafa, oṣù kẹta ni, oòrùn ń ta bí iná, píọ̀ wọ́tà méjì méjì la mú dání, aago méjìlá ò tíì lù tómi fi tán, ọ̀kan nínú wa ní orí ń fọ́ òun, ó lóun ò làágùn mọ́. Ọmọ Gbagyi kan tó ń da ewúrẹ́ ló mú wa sọ̀kalẹ̀. Ọmọ yẹn ò lè ju ọdún mẹ́wàá lọ o, sílípáàsì ló wọ̀.

Torí náà, ká tó sọ ti ejò, ká sọ ti omi. Píọ̀ wọ́tà kan, 50cl ni, mẹ́fà ló máa di lítà 3, òun ni mo máa ń gbé fún ara mi tí mo bá máa lò tó wákàtí mẹ́fà nínú oòrùn, mo sì máa ń dà á sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré torí náílọ́ọ̀nù yẹn máa ń bẹ́ nínú báàgì (ẹ bi powerbank mi). Tó bá jẹ́ omi odò lẹ rí, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ gbé e kaná kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Ẹni tó bá ṣe bí ọ̀rẹ́ wa yẹn, tọ́rọ̀ ẹ̀ wá ń dàrú, ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ tètè wá ọkọ̀ lọ ọsibítù.

Iná, ẹ̀yìnkùlé ni kẹ́ ẹ ti kọ́ ọ. Ẹ gbàgbé fífi igi gbo igi. Ẹ fún ara yín ní ìṣáná 3 péré. Ẹ ṣa koríko gbígbẹ, ẹ fọwọ́ gbo ó títí á fi rí bí ìtẹ́ ẹyẹ, ẹ to igi tín-ín-rín bí ti ìgbálẹ̀ lé e, èyí tó tó ìka tẹ̀ lé e, kó tó wá kan èyí tó tó ọrùn ọwọ́. Igi tẹ́ ẹ ṣẹ́ tó dún "pá", ó ti gbẹ, èyí tó bá kàn ń tẹ̀, ẹ jù ú nù. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn òjò, odindi páálí ìṣáná kan ni mo fi ṣòfò, láńlọ́ọ̀dù mi dúró, ó ń wò mí bí ẹni tórí ẹ̀ ti yí. Àmọ́ nígbà ọyẹ́, ẹ má dáná nínú igbó rárá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí ilẹ̀ máa ṣú, ẹ na apá síwájú, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ní ìbú sábẹ́ oòrùn, kẹ́ ẹ ka ìka tó wà láàárín oòrùn àti ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ojú ọ̀run, ìka kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Tó bá ku ìka mẹ́rin, ẹ ti ń lọ sílé nìyẹn.

Ejò: bàtà tó bo kókósẹ̀, tọ́ọ̀ṣì, ọ̀pá. Ẹ gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, àkeekèé fẹ́ràn ibẹ̀. Tí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má gé e, ẹ má fà á mu, ẹ má so ó le, òkúta dúdú tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí ejò bù jẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ bọ́ òrùka, kó má mi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ tí ejò bù jẹ yẹn, ọsibítù tó ní abẹ́rẹ́ ejò ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ọsibítù tó wà ní Kaltungo, ní Gombe, iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ti ààbò kì í ṣe ohun téèyàn ń ṣe àgídí sí. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí mai angwa, ìyẹn olórí àdúgbò, tó bá ní ọ̀nà yẹn ò dáa lásìkò yìí, ẹ padà. Ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ àti aago tẹ́ ẹ máa dé fún ẹnì kan nílé, kónítọ̀hún pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, tí ò bá gbúròó yín. Ìyàwó mi ni mo ń kọ tèmi fún, ara fíríìjì ló máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́.